Ìyá Àgbà Kò Sí Nínú Ìṣirò Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn pé kí ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Màá ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni, méjèèjì pa pọ̀, oyè kan ṣoṣo. Ẹni náà á wò mí tìyanu-tìyanu, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì, ṣé o mọ̀ pé òfo ló ń mú bọ̀?" Mo gbọ́ òwe yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo gbọ́ ọ ní Pleasure níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà eyín, nígbà tí ẹnu mi là sílẹ̀ gbagada tí mi ò lè fèsì. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo máa ń bá a parí rẹ̀.

Bàbá mi ló fà á, èmi náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìkẹjà, yàrá méjì la sì háyà nínú ilé kan ní Ẹgbẹ́dá. Ìyá mi jẹ́ olùkọ́ ní Àgbádárìgì. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń padà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì ti wà nílé ọkọ. Èmi àti bàbá mi la jọ ń gbélé, a jọ ń se ọbẹ̀ tí kì í dùn, a sì jọ ń jiyàn. Ṣáájú kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, bàbá mi ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lọ́dọ̀ iléèwé kan lókè òkun, nípa ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Á ka ìwé náà, á dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀, á fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Ó ṣe é dé ìdajì, ó sì dá a dúró. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn ìwé náà sínú páálí, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá ń wò mí bí ẹni tó máa bá òun jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú àwo tán.

Èmi ní tèmi, kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́. Iléèwé wa ti kó wa lọ wo ọ̀kan rí ní ọ́fíìsì kan. Wọ́n jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tẹ lẹ́tà kan péré, mo sì rí lẹ́tà tèmi tó yọ lójú gíláàsì. Mo délé, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe nìyẹn. Bàbá mi ní ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ló máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ ìdí tí gààrí fi wọ́n. A fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé tí wọ́n to gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì sí kalẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, àfi bó ṣe dúró lójijì. Yunifásítì kan wà tó ń kọ́ méjèèjì pa pọ̀. Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká pín in."

Bí a ṣe parí ìjà nìyẹn. Oyè yẹn kì í ṣe tèmi nìkan. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti bàbá mi, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní yunifásítì, mo dà bí ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kọ ara wọn. Àwọn ti ọrọ̀ ajé á ní kí n lọ bi àwọn ti kọ̀ǹpútà, àwọn ti kọ̀ǹpútà á ní kí n padà lọ bi àwọn ti ọrọ̀ ajé. Ìdánwò méjì á bọ́ sí wákàtí kan náà, èmi ni màá máa bẹ̀bẹ̀ kiri. Síbẹ̀ mo gbádùn rẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á kọ́ wa pé ohun tí èèyàn ń fẹ́ kò lópin, ohun tó wà nílẹ̀ ló níwọ̀n. Lọ́sàn-án wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ẹ̀rọ tí kò gbọ́n rárá, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, wọn ò kàn gbọ́ ohùn ara wọn ni.

Nígbà tí mo dé ọdún ìkẹyìn, wọ́n sọ fún wa pé iṣẹ́ àṣekágbá ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjì gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù olùkọ́ méjì, ẹnì kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa kọ sára ìwé ẹ̀rí. Mo délé, mo sọ fún bàbá mi. Ó bi mí pé:

"Èwo ni wọ́n máa yọ?"

Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀. Olùkọ́ mi ní ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ló le jù, kì í tètè buwọ́ lu nǹkan. Bí wọ́n bá máa gé ìdajì kan dà nù, ìdajì ti bàbá mi ni.

Ohun tí mo yàn láti kọ nípa rẹ̀ ni ìlà omi àdúgbò wa. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún òpópónà wa, iwájú ilé àwọn onílẹ̀ ló wà. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, bó bá fi máa di aago méje, ó ti tán. Èèyàn kì í tò níbẹ̀, garawa ló ń tò. Wàá gbé garawa rẹ kalẹ̀, wàá lọ ṣe nǹkan mìíràn, garawa yẹn sì ti di ìwọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé garawa sílẹ̀ á fi kẹ́ẹ̀gì tó ti jò síbẹ̀, tàbí òkúta. Mo ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan tó tò sáàárín garawa méjì rí, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Garawa kan lẹ́ẹ̀kan ni. Bí o bá fẹ́ ìkejì, ẹ̀yìn ni wàá padà sí. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn pátápátá nìkan ni kò lè kúrò nídìí garawa rẹ̀, torí bí omi bá ti ń rẹ̀yìn, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n máa fò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àwọn olùkọ́ mi, inú ti ọrọ̀ ajé dùn torí pé omi tí kò tó ni, inú ti kọ̀ǹpútà dùn torí pé ìlà ni. Mo fẹ́ kọ ètò kan tí kọ̀ǹpútà á fi máa ṣe bí ìlà yẹn ti ń ṣe gan-an, kó lè sọ fún wa bí èèyàn á ṣe dúró pẹ́ tó, àti bó ṣe máa rí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kejì kún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo kó ẹrù mi padà sí Ẹgbẹ́dá, mo sì fi àkókò náà ka garawa. Láràárọ̀ màá gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, màá so aago bàbá mi mọ́wọ́, màá máa kọ ìgbà tí garawa kọ̀ọ̀kan dé àti ìgbà tó kún. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ìjọba ló rán mi. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ wá pọn omi. Nígbà tó mọ̀ pé èmi lásán ni, ó padà sínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìṣòro mi ni Ìyá Àgbà. Ilé kejì sí ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, Àwórì pọ́ńbélé, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun àsùbáà ṣeré. Orúnkún máa ń dùn wọ́n, torí náà wọn kì í tètè jáde. Ìlà á ti gùn dé ẹnu géètì kí wọ́n tó yọ, tàwọn ti garawa kékeré kan. Wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í pè wọ́n. Ẹni tó wà níwájú á kàn fi ẹsẹ̀ sún garawa tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, Ìyá Àgbà á gbé tiwọn síbẹ̀, á kún, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá. Nínú ìwé mi, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ gba omi. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì méjì kan náà wà bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n, wọ́n sì da gbogbo ìṣirò mi rú.

Bí àwọn olùkọ́ tilẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, a ṣì lè bá wọn nílé. Ti ọrọ̀ ajé ń gbé ní Gowon Estate, kò jìnnà sí wa. Ó wo ìwé mi, ó ní ire ara ẹni ni olúkúlùkù ń wá, pé kò sẹ́ni tó máa fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀, àfi tó bá jẹ́ pé mo ń tòògbé nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ó ní kí n yọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ bá ti kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ gbà, pé bí mo bá ti yà kúrò lórí òfin yẹn, ètò mi á gùn, àṣìṣe á sì kún inú rẹ̀. Òun náà ní kí n yọ wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ń sáré láàárín ẹ̀ka méjèèjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu wọn máa kò lórí ohun kan. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Dòpẹ̀mú délé. Mo fi rúlà fa ìlà gbọọrọ sórí Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ méjèèjì.

Ó wá ku kí n dán ètò náà wò. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kò tó nǹkan, bí wọ́n bá sì ṣílẹ̀kùn padà, wákàtí méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí lò. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kó tó rí àṣìṣe rẹ̀, ó di tirẹ̀. Nítorí náà mo ní kí èmi àti bàbá mi jẹ́ kọ̀ǹpútà náà fúnra wa. Mo gbé tíréè ńlá sórí tábìlì, mo fi kóró àgbálùmọ̀ ṣe garawa. Ẹnì kan ní láti máa dá iye ìṣẹ́jú tó máa kọjá kí garawa mìíràn tó dé, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí yàn án, ó gbọ́dọ̀ ṣèèṣì bọ́ síta ni. Mo lọ yá dáìsì lúdò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé kejì.

Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, kò sì jẹ́ kí lúdò wọlé wa rí, torí lójú tiwọn, ohunkóhun tí a bá ti ń jù sílẹ̀ ká tó wò ó, tẹ́tẹ́ ni. Ó fi ìka méjì mú dáìsì náà bí ẹni mú aáyán.

"Ṣé iṣẹ́ yunifásítì nìyí ṣá, àbí kalokalo?"

"Dádì, ẹ jù ú jàre."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú fèrèsé, ó jù ú. Mẹ́rin. Mo ka ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo gbé kóró kan sórí ìlà. Ó tún jù ú. Nígbà tó fi di ọ̀sán, bàbá mi ti ń mi dáìsì nínú ife tíì kó tó dà á sílẹ̀, ó sì ń bi mí pé ṣé mẹ́fà kọ́ ló dáa jù. Mo ní kò sí èyí tó dáa jù. Ó ní òun mọ̀, òun kàn ń béèrè ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé ó ń dùn mí láyà. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó jókòó ti tíréè, tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan bàjẹ́. Ètò náà ti yé e débi pé òun gan-an ló ń sún kóró fúnra rẹ̀. Ó ṣàdédé dúró.

"Níbo ni Ìyá Àgbà wà níbí?"

"Mo ti yọ wọ́n, Dádì. Wọ́n ń da ìṣirò rú."

"Wọn ò pọn omi láàárọ̀ yìí ni?"

"Wọ́n pọn ọ́n."

"Wọ́n wà níbẹ̀, o ò wá kà wọ́n."

Mo ṣàlàyé pé àwọn olùkọ́ mi méjèèjì ló ní kí n yọ wọ́n, pé bí mo bá dá wọn padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ó sì mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ó gbé dáìsì kalẹ̀. Ó ní ìṣirò tó bá ní láti lé arúgbó kúrò nídìí omi kó tó gún, kò gún. Ó ní òun kò ní jù ú mọ́ àfi tí mo bá dá ìyá yẹn padà sáyè wọn.

Orí mi gbóná. Mo máa ń tètè bínú, ìyá mi sọ pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Rédíò ti ń sọ ọ́ pé ìdáṣẹ́sílẹ̀ fẹ́ parí. Ìbuwọ́lù méjì tí mo ń wá ti sún mọ́ ọwọ́ mi, ìdajì tirẹ̀ náà sì ni mo ń jà fún, ó wá ń sọ fún mi pé kí n dà á nù.

Mo ní, "Dádì, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ò ṣáà parí tiyín."

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Bàbá mi kò bínú, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó kó gbogbo kóró àgbálùmọ̀ sínú ife tíì, ó gbé dáìsì lé e lórí, ó dìde. Ó ní, "Òótọ́ ni," ó sì wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí a kàn ń kí ara wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé ìṣirò mi ló tọ́, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ṣe é ní ìdajì. Lọ́jọ́ Sátidé mo bá Ìyá Àgbà gbé garawa wọn délé. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n jáde sórí pèpéle, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọmọ akọ̀wé, wọ́n ní ò ń kọ gbogbo wa sínú ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi náà wà níbẹ̀?"

Ojú tì mí. Mo sọ fún wọn pé mo ti yọ wọ́n, mo sì sọ ìdí rẹ̀, pé wọ́n ń dé kẹ́yìn, wọ́n sì ń kọ́kọ́ gba omi, ìwé kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti yọ ara rẹ náà?"

Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò yé mi.

"Nígbà tó o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, garawa ta lo rí níwájú tìrẹ rí?"

Mo ronú sí i. Iléèwé mi jìnnà, ọ̀nà Àgége ló wà, mo gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ màá jáde lọ sídìí ẹ̀rọ, màá bá garawa mi níwájú pátápátá, omi á ti kún un. Fún ọdún mẹ́fà gbáko mo gbà pé torí pé mo máa ń tètè jí ni. Mo tilẹ̀ máa ń fi ṣe yànga fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń pẹ́ dé iléèwé.

Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé garawa kalẹ̀ ní òpópónà wa, kí omi tó dé rárá. Á pọn tirẹ̀, á wọlé, á tan àtùpà, á máa kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí máa ń rí iná rẹ̀ lójú fèrèsé. Ọdún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó wá bẹ àwọn èèyàn ìdí ẹ̀rọ pé kí garawa ọmọ òun máa wà níwájú. Wọ́n ní ilé kan kò lè ní garawa méjì níwájú. Ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní àyè òun, kí òun máa lọ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yìn pátápátá ni o," Ìyá Àgbà ní. "Ó kọ́kọ́ máa ń mú ìwé rẹ̀ dání wá. Ṣùgbọ́n ta ló lè kàwé nídìí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ariwo àwa obìnrin? Nígbà tó yá, kò mú un wá mọ́."

Mo mọ ọdún tí wọ́n ń sọ. Ọdún yẹn ni páálí náà gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdájí nìkan ni bàbá mi ní. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, oorun ló máa ń bá a ka ìwé. Mo ti fi ohun tó fún mi sọ̀kò sí i.

Nígbà tí mo délé, ó ń kun bàtà ọjọ́ Àìkú. Mo kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Nítorí kí ni?"

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí. Ìyá Àgbà ti sọ fún mi."

Ó wo bàtà náà, ó fi aṣọ nù ún ní ibi tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. "Ìyá Àgbà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Ṣé o ti dá wọn padà?"

"Mo fẹ́ dá gbogbo wa padà ni."

A tún bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́ mi lọ́jọ́ náà ní ohun tí àwọn olùkọ́ mi ti kọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà tí kò wọnú mi: pé iye ohunkóhun ni ohun tí o fi sílẹ̀ kí o tó rí i. Ó gbé páálí yẹn sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ìwé kan, ó fi ibi tó ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà hàn mí, tádáwà rẹ̀ ti ṣá. Mo wá fún kóró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kejì, èyí tó ń sọ bí dídúró ṣe ń dun ẹni tó ni ín tó. Mo kọ òfin tuntun sínú ètò náà: kí ẹni tó wà níwájú tó pọn, kó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ètò náà gùn lóòótọ́, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀ bí olùkọ́ mi ti wí. A ṣe é, a tún un ṣe, bàbá mi ń ju dáìsì. Ohun tó jáde yà wá lẹ́nu. Àpapọ̀ ìṣẹ́jú tí gbogbo àdúgbò fi dúró kò lé, kò sì dín. Ó kàn kúrò lọ́rùn ẹnì kan, ó bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn yunifásítì padà. Mo lo wákàtí méjì mi nídìí kọ̀ǹpútà, mo fi àwọn nọ́ńbà dáìsì wa sínú rẹ̀, ó sì gbé iye kan náà jáde tí èmi àti bàbá mi ti rí lórí tíréè. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ mi, olùkọ́ méjèèjì jókòó, ìwé mi wà níwájú wọn, wọ́n ti rí i pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n ní kí n yọ ti padà wá. Kò sí ẹ̀rín lójú ẹnikẹ́ni. Ti ọrọ̀ ajé ló sọ̀rọ̀.

"Àpapọ̀ kò yí padà. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ọmọ iléèwé yìí kò fi dúró, kò kúrò láyé. Ẹnì kan ló bá a dúró. Ta ni?"

Mo ní ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni.

"Mo ní ta ni. Èèyàn wo ló máa gbà láti ṣe é láràárọ̀, fún odidi ọdún? Kí ló ń rí gbà níbẹ̀?"

Mo ti múra ìdáhùn kan sílẹ̀ fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó kún fún ọ̀rọ̀ ńlá. Mo pa á tì.

"Bàbá mi ni, sà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, garawa, àtùpà, páálí. Nígbà tí mo parí, ti kọ̀ǹpútà ti bọ́ awò ojú rẹ̀. Ti ọrọ̀ ajé bi mí pé ṣé bàbá náà ṣì wà láyé. Mo ní wọ́n wà. Ó ní, "Ó dáa," ó wá báírò, ó sì buwọ́ lù ú. Ti kọ̀ǹpútà gba báírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà buwọ́ lù ú.

Mo gbé ẹ̀dà kan lọ sílé, tí wọ́n ti dì dáadáa. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kọ́ méjèèjì sí. Mo sọ fún un ohun tí wọ́n bi mí àti bí mo ṣe dáhùn.

"Kò yẹ kó o sọ ọ́ níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n á rò pé èmi ni mo máa ń pẹ́ jí."

Iye kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí mo kúrò lórí pèpéle Ìyá Àgbà, tí mi ò kọ sínú iṣẹ́ náà. Mo ti ka ogójì ìṣẹ́jú fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́fà, mo ti yọ gbogbo ọlidé àti òpin ọ̀sẹ̀ kúrò. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní tí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, oṣù kan ni, tọ̀sán-tòru, tó fi dúró sídìí garawa nítorí mi.

Ó ronú sí i bí ẹni tó ń yẹ ìṣirò wò.

"Oṣù kan péré?"

"Oṣù kan, Dádì."

"Kò pọ̀," ó ní, ó sì ṣí ojú ìwé kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.